Òjò Tí Bàbá Àgbà Wọ̀n Lẹ́ẹ̀mejì

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí pálọ̀ wa ní Agége, mo ń gbọ́ rédíò. Ẹni tó ń ka ìròyìn parí ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó ń ṣe ìjọba, ó wá kan ojú ọjọ́. Ó ní ìjì pẹ̀lú àrá yóò jà káàkiri apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ooru yóò sì tún lọ sókè sí i. Mo dúró, mo ń retí ohùn kan láti orí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Àga náà ṣófo. Kò sí ẹni tó dá rédíò lóhùn. Ìgbà yẹn gan-an ni ikú bàbá àgbà mi wọ̀ mí lára, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àdúrà ogójì ọjọ́ wọn ti kọjá.

Làmídì Àkàndé ni orúkọ wọn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá tẹ̀dó sí Agége nígbà tí ìyá mi, Síkírá, ṣì wà lẹ́yìn ìyá tirẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kò fi bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ yìí. Bàbá Olójò ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí pé wíwọn òjò àti ooru ni iṣẹ́ wọn. Ìnagijẹ náà kò dùn mọ́ wọn nínú. Bí ẹnìkan bá ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì fi kún un pé, “Èmi kọ́ ni mo ni ín.”

N kò ní í to ọjọ́ ayé wọn lẹ́sẹẹsẹ láti ìgbà èwe títí dé sàréè. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣojú mi, àwọn gan-an kò sì ní í gbà kí n kọ ohun tí kò ṣojú mi. Ọmọ tí wọ́n tọ́ lábẹ́ òrùlé wọn ni mí. Ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó rí i ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín.

Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Oregun ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Òwú kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ jù, á máa já lórí ẹ̀rọ. Kò sì fẹ́ kó tutù jù, aṣọ á hu. Nítorí náà ni àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ṣe ya ilẹ̀ kékeré kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìhunṣọ, wọ́n gbin koríko sí i, wọ́n gbé àpótí funfun kan tí wọ́n kó tẹmómítà sí nínú kalẹ̀, wọ́n sì ri agolo òjò mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá àgbà mi ló ṣọ́ ibẹ̀ fún ọdún tó lé ní ogún. Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi pákó àpótí ẹrù kan irú àpótí bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n sì ri agolo òjò mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn pákó pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagun gẹ́gẹ́ bí ti fèrèsé onípákó, kí atẹ́gùn lè wọlé kí oòrùn má wọlé. Àwọn alágbàtọ́ ọmọ àdúgbò máa ń sọ fún ọmọ kékeré pé ilé ẹyẹlé ni. Ti agolo òjò rọrùn: àrọ tí wọ́n fi bàbà ṣe, irú èyí tí a fi ń rọ epo sẹ́nu ìgò, agolo tó gbé e dúró, àti ìgò funfun kan nínú agolo náà tí omi ń ṣàn sí. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, a ó yọ ìgò, a ó da omi rẹ̀ sínú ife gíláàsì tí a fà nílà, a ó ka ìlà náà, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá.

Mo pé ọdún mẹ́wàá nígbà tí Bàbá kọ́ mi bí a ṣe ń ka tẹmómítà. Mo nàró, mo wò ó láti òkè, mo sì fi ìgboyà pe nọ́ńbà kan. Wọ́n ní kí n tẹ orúnkún kí n tún un wò. Nọ́ńbà náà yí padà. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹni tó bá nàró jù, irọ́ ló máa rí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ jù, irọ́ ló máa rí. Àṣàkẹ́, ojú rẹ àti òótọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà.”

Ìyá àgbà mi kò rí ẹwà kankan nínú gbogbo èyí. Orogún mi ni wọ́n ń pe agolo òjò. Bí oúnjẹ bá délẹ̀ tí aago mẹ́sàn-án sì kù díẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ gbé oúnjẹ Bàbá lọ bá orogún àwọn lẹ́yìnkùlé. Ní ọjọ́ ọdún Iléyá kan, gbogbo wa ti wọṣọ tán, àwọn èrò yídì ti ń kọjá lójú títì, Bàbá kò sì kúrò nídìí àpótí. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní, “Àwọn ọkọ mìíràn ń fẹ́ obìnrin lé ìyàwó. Tèmi fẹ́ agolo lé mi, agolo náà sì ń jowú.”

Bàbá máa ń bá rédíò jiyàn. Mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ojú ọjọ́. Bí rédíò bá ní ìjì àrá yóò jà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, Bàbá á bi í pé apá ibo ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n mọ̀ pé òjò lè rọ̀ ní apá kan ojú irin Agége kí eruku sì máa fò ní apá kejì. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi àwọn tó ń sọ ọ́ ṣẹ̀sín. Wọ́n kàn ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ojú ilẹ̀ ni. Ní ọjọ́ tí àwọn sójà kan kéde pé àwọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn sójà mìíràn, orin ológun ni rédíò ń lù láti àárọ̀. Àwọn aládùúgbò kó ara wọn jọ sí pálọ̀ wa, wọ́n ń retí ohun tí àwọn sójà máa sọ. Wọ́n sọ ọ́ tán, orin tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá tẹjú mọ́ rédíò náà títí, wọ́n wá yíjú sí wa. “Wọn ò sọ ojú ọjọ́. Ṣé sójà ti gba òjò náà ni?” Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín àwọn tí àyà ń já ni.

Ọ̀rọ̀ ooru ni wọn kì í fi ṣàwàdà. Tẹmómítà méjì ló wà nínú àpótí: ọ̀kan ń sọ bí ọ̀sán ti gbóná tó, èkejì ń sọ bí òru ti tutù tó. Gbogbo ènìyàn ló ń ráhùn nípa ọ̀sán. Òru ni Bàbá ń ṣọ́. Wọ́n máa ń ṣí ìwé àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tuntun, wọ́n á sì fi ìka tọ òpó nọ́ńbà òru láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ohun tí wọ́n rí, wọ́n ka àwọn igi tó ti wà láàrin ilé wa àti ojú irin tẹ́lẹ̀ fún mi, igi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Wọ́n tún ka àwọn ilé tó ti dìde síbẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ búlọ́ọ̀kù àti páànù. “Tẹ́lẹ̀, bí àlejò ni ooru ń wá. Tó bá di alẹ́, á dìde, á lọ. Ní báyìí, ó ti ká ẹní rẹ̀ wá.” N kò mọ bí n ṣe lè ṣàlàyé ìbànújẹ́ tó wà nínú ohùn wọn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ti ń ṣíwọ́ àtimáa kí i.

Mo purọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, ní Oregun, wọ́n sì ti fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí wọ́n lọ kí òkú ẹbí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òjò ńlá rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa, àrá sán tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ fi ní kí a ti fèrèsé. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ti pẹ́, n kò lọ sẹ́yìnkùlé. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo rántí bí òjò náà ti tó, mo sì kọ nọ́ńbà kan tó jọjú. Bàbá dé, wọ́n ka ìwé, wọ́n jáde, wọ́n wo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ náà gbẹ fúrúfúrú. Ẹ̀kán òjò kan kò kán sí Agége.

Mo ti ń retí ìbáwí. Wọ́n fún mi ní kálàmù, wọ́n ní kí n fi ìlà kan ṣoṣo gba àárín nọ́ńbà náà kọjá, kí n kọ òdo sókè rẹ̀, kí n sì kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n pa á rẹ́. Wọ́n kọ̀. “Àṣìṣe tí a bá pa rẹ́ lè tún padà wá. Èyí tí gbogbo ayé bá ń rí, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀.” Ìlà náà wà níbẹ̀ di òní. Orúkọ mi ni orúkọ kan ṣoṣo tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwé yẹn, títí di ọjọ́ tí wọ́n kú.

Mo ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ohun tó sọ wọ́n di ẹni tí wọ́n jẹ́ ṣẹlẹ̀ kí n tó gbọ́n dáadáa, ẹnu ìyá àgbà mi àti ẹnu Múráínà, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò sì tako ara wọn.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ. Ohun èlò ẹ̀rọ ti di ọ̀wọ́n gógó, ilé iṣẹ́ kan ń kógbá sílé lónìí, òmíràn lọ́la, láti Ìkẹjà dé Oregun. Ìjì kan jà ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ó ṣí páànù ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ wọn, òjò sì wọ ìdì òwú àti aṣọ tó wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn adójútòfò, àwọn tó máa ń san àsandípò bí àjálù bá dé. Àdéhùn náà ní bí òjò ọjọ́ náà bá dé ìlà kan báyìí, ìjì ńlá ni, wọn yóò san án. Bí kò bá dé e, páànù tó ti gbó ni, kí onílé gba tirẹ̀ mọ́ra. Ìwé bàbá àgbà mi ni ẹ̀rí tí wọ́n máa wò. Òjò náà kò dé ibẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ló kù.

Mánẹ́jà pè wọ́n, ó ní kí wọ́n fi mẹ́ta náà kún un. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣe é. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ti dé gbọ̀ngàn ìhunṣọ, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé bí àwọn adójútòfò kò bá san, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ tọ̀ wọ́n wá sídìí àpótí funfun náà. Múráínà ló ṣíwájú, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí koríko tútù.

“Bàbá, ìlà mẹ́ta ni. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi ti mọ̀ ná.”

Àwọn adójútòfò kò san. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti gbọ̀ngàn kan pa, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Múráínà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta, wọ́n ní kí bàbá àgbà mi náà máa lọ. Ìyá àgbà kò bá wọn jà. Wọ́n gbé omi ìwẹ̀ wọn kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n tún sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀, pẹ̀lú omi lójú: “Bàbá Síkírá, ẹ wọn òjò, ẹ ò wọn èèyàn.” Kò sí ẹni tó gbọ́ kí Bàbá sọ rí pé ohun tí àwọn ṣe dára.

Ilẹ̀ òfìfo kan wà ní ọ̀kánkán ilé wa. Ibẹ̀ ni Múráínà wá gbà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í da búlọ́ọ̀kù. Kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé e wá; ibi tí ó rí ni. Láràárọ̀, bí Bàbá bá ti jáde, á dìde láti ìdí yanrìn, á kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á wá fi ọ̀rọ̀ kan ha wọ́n létí: “Bàbá Olójò, ṣé ẹ yọ̀ǹda kí a da búlọ́ọ̀kù lónìí?” Gbogbo ẹni tó mọ ìtàn náà ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ: ìlà mẹ́ta tí Bàbá kò yọ̀ǹda. Bàbá á ní kó tètè bo èyí tó dà lánàá. Bí wọ́n ṣe ń gbé e nìyẹn, fún ọdún bíi mẹ́rin.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí rédíò ti ní oòrùn yóò ràn, Múráínà da búlọ́ọ̀kù kún gbogbo ilẹ̀ náà. Ìjì dé láìkànlẹ̀kùn. Búlọ́ọ̀kù tútù ń yọ́ bí ẹ̀kọ tí omi gbóná dà lé. Ó dúró sí àárín wọn, ó kọjú sí ilé wa, ó ń sọ pé Bàbá mọ̀, Bàbá mọ̀, wọ́n sì dákẹ́. Bàbá fa tapólì tó wà lórí igi ìdáná Ìyá àgbà yọ, wọ́n sáré wọnú òjò, àwọn méjèèjì ń na tapólì lé búlọ́ọ̀kù, ẹ̀fúùfù ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ó ti rọlẹ̀ díẹ̀, Bàbá wà ní ìdúró, omi ń kán ní irùngbọ̀n wọn. “Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, Múráínà. Ká ní mo mọ èyí tó ń bọ̀ ni, ṣé ibi tí mo wà yìí ni mo máa wà?”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìwọ̀nba ohun tí ojú wọn ti rí: pé bí afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró lójijì, tí atẹ́gùn tútù kan wá fẹ́ láti ìlà-oòrùn, kó máa bo búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ohun yòówù kí rédíò sọ. Ìkíni àárọ̀ náà kò yí padà. Ohùn tó fi ń kí wọn ló yí padà.

Nígbà tí àìsàn gbé wọn dè, èmi ni mò ń ka tẹmómítà, Múráínà sì ń wá jókòó tì wọ́n bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n yẹn ni. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ló gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kan lórí ọmọlanke tó fi ń kó búlọ́ọ̀kù, tó tẹ́ ẹní méjì sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, mò ń fẹ́ wọn lábẹ̀bẹ̀. Ooru náà kò ṣeé gbé. Múráínà jókòó sórí àpótí ìtìsẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ àwọn ìbejì rẹ̀, pé wọ́n ti fẹ́ jáde ìwé mẹ́fà. Bàbá na ọwọ́, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n kò tíì dárúkọ ọjọ́ ìjì ilé iṣẹ́ náà fún un rí.

“Òjò ọjọ́ Jímọ̀ yẹn,” wọ́n ní, “mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.”

Múráínà gbójú sókè.

“Mo ti mọ bí àdéhùn náà ṣe rí kí mánẹ́jà tó pè mí. Mo da omi náà padà sínú ìgò. Mo gbọn ìgò náà dáadáa, bóyá omi kù lára rẹ̀. Mo tún un wọ̀n. Ìlà mẹ́ta ṣì kù.”

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti rò pé bàbá àgbà mi kọ òótọ́ sílẹ̀ nítorí pé òótọ́ kò ni wọ́n lára. N kò mọ̀ pé wọ́n ti dúró lórí koríko yẹn pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, tí wọ́n ń bẹ omi kó pọ̀ sí i. Múráínà dorí kodò, ó fi iwájú orí rẹ̀ kan ọwọ́ wọn. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n sinmi.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, òjò ńlá rọ̀ ní ìdájí pẹ̀lú àrá. Nígbà tó dá, ilẹ̀ ti mọ́. Bàbá béèrè bóyá ó pọ̀, mo ní ó pọ̀. Kí aago mẹ́jọ tó lù, wọ́n ti dákẹ́.

Àwọn ènìyàn ti kún ilé. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Lèmọ́mù, wọ́n ń retí àwọn tó máa wẹ̀ wọ́n, omi ẹ̀rọ kò sì yọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ojú wọn gbẹ. Wọ́n wo aago ara ògiri, wọ́n pè mí. “Aago mẹ́sàn-án ti lù. Àṣàkẹ́, lọ wo orogún mi.”

Mo lọ. Mo yọ ìgò náà, ó kún dé ọrùn. Bí mo ti fẹ́ mú ife ìwọ̀n, wọ́n pè mí láti inú ilé pé èmi nìkan ni mo mọ ibi tí aṣọ funfun wà. Mo gbé ìgò sórí pèpéle, mo wọlé. Nígbà tí mo padà dé, ìgò náà ti ṣófo. Múráínà bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú bútà tó da omi náà sí, ó ń fọ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àlùwàlá tán. Ó rò pé omi tí a gbé síta fún àwọn tó máa kírun ni.

Ó rí ojú mi, ó wo ìgò, ó sì mọ̀. Bútà náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun sí Bàbá lára, tí a sì ti sin wọ́n, mo ṣí ìwé ńlá sórí orúnkún mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ri agolo mọ́lẹ̀ ní Agége, kò sí ọjọ́ kan tí àyè òjò ṣófo. N kò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tiwọn ni yóò ṣófo. Mo sọ fún Múráínà, tó dúró lẹ́yìn mi, pé mo rí ìgò náà, ó kún dé ọrùn, mo lè fojú bù ú kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀. Ta ló máa mọ̀?

Ó na ìka sí àyè tó ṣófo náà.

“Má fojú bù ú. Kọ ọ́ bó ṣe rí. Kọ orúkọ mi sí i.”

Mo fi àyè nọ́ńbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mo kọ pé: Òjò rọ̀. A kò wọ̀n ọ́n. Múráínà fi ṣe àlùwàlá, ó sì kírun sí Bàbá lára.